Ta Ló Ń Pa Ìbéèrè Wa Mọ́?

Bí ẹ bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ láíbúrárì, ẹ ó mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí èèyàn bá bi yín kọ́ ló gbé e wá. Ẹni tó ní òun ń wá ìwé lórí ìlera, ó lè jẹ́ pé kókó kan ló yọ sí i lọ́yàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó ní òun fẹ́ ka òfin ìgbéyàwó, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ilé ọkọ ló ti sú u. Wọ́n kọ́ wa níléèwé bí a ṣe ń fi ìbéèrè wá ìbéèrè, títí ọ̀rọ̀ gidi á fi jáde: rọra sọ̀rọ̀, má ya ẹnu, má jẹ́ kí ẹni tó wà ní tábìlì kejì gbọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nílùú Ìbàdàn yìí máa ń sún àga ẹni tó bá wá bá a, kí onítọ̀hún lè kẹ́yìn sí gbọ̀ngàn. Kò sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Mo kàn rí i pé bí àga bá ti yí báyìí, ohùn náà á yí, ọ̀rọ̀ á wá di, "Ká má parọ́, mà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé…"

Èèwọ̀ ni nídìí iṣẹ́ wa láti sọ ohun tí ẹnì kan ń kà fún ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbúrárì ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn láti ọdún 1939. Lọ́dún 2005, FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, mú ìwé àṣẹ tọ àwọn òṣìṣẹ́ láíbúrárì lọ ní ìpínlẹ̀ Connecticut, wọ́n ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn tó lo kọ̀ǹpútà wọn wá, wọ́n tún fi òfin dì wọ́n lẹ́nu pé wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta pé ẹnikẹ́ni béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn. Àwọn mẹ́rin kọ̀, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Nígbà tó fi di 2006, ìjọba ti jáwọ́ nínú òfin ìdinilẹ́nu náà àti nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń béèrè.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, FBI ò wá. Ọkọ ló máa ń wá. Ọkùnrin kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agbádá funfun, ó kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyàwó mi máa ń yá ìwé níbí. Mo kàn fẹ́ mọ irú ìwé tó ń kà." Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ bi wọ́n nílé, wọ́n á sọ fún yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé àṣírí ń bẹ nínú ìwé ni. Mo ní rárá o. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà mi bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Títí dòní, mi ò yẹ ohun tí ìyàwó ẹ̀ yá wò.

Kí n sọ òótọ́, láíbúrárì àtijọ́ náà ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àpò pélébé kan máa ń wà lẹ́yìn ìwé, káàdì á wà nínú ẹ̀, orúkọ gbogbo ẹni tó ti yá ìwé náà á tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òfófó, ó kàn máa fa káàdì yọ ni. Kọ̀ǹpútà ló bá wa tún un ṣe. Bí ẹ bá ṣètò ẹ̀ bó ṣe yẹ, ìwé á padà dé, orúkọ ẹni tó yá a á já kúrò lára ẹ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí: ẹ̀rọ tí a fi lè bo èèyàn láṣìírí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, òun náà ni wọ́n ń fi ṣí aṣọ lára àwọn èèyàn yẹn kan náà.

Nítorí ìbéèrè wọ̀nyẹn ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Inú àpótí ìwákiri funfun kékeré orí fóònù ni wọ́n ń lọ báyìí. Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ohun tí wọ́n gbé síta: fọ́tò, ọ̀rọ̀ òṣèlú, ìjà tí wọ́n bá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí jà. Lójú tèmi, ohun tí a sọ kò tó ohun tí a béèrè. Fọ́tò tẹ́ ẹ gbé sí Facebook, ẹ ti tún ojú yín ṣe kẹ́ ẹ tó yà á. Ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ sínú Google láago méjì òru, ẹ ò tún nǹkan kan ṣe.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2006. Ilé iṣẹ́ AOL ní Amẹ́ríkà kó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ohun tí èèyàn bíi 650,000 wá lórí ìkànnì wọn síta, wọ́n ní káwọn olùwádìí lè fi ṣiṣẹ́. Wọ́n yọ orúkọ, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò, wọ́n rò pé ó ti parí. Àwọn oníròyìn New York Times mú nọ́ńbà kan ṣoṣo, 4417749, wọ́n jókòó ti ohun tí onítọ̀hún ń wá: ìka ọwọ́ tó ń kú tipiri, ajá tó ń tọ̀ sórí gbogbo nǹkan, ọkùnrin ẹni 60 ọdún tí kò láya nílé, àwọn tó ń tún àgbàlá ṣe ní ìlú kékeré kan ní Georgia, àwọn èèyàn tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn obìnrin opó kan, ẹni ọdún 62. Òun ni. Èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé ọ̀pọ̀ àìsàn tó ń wá yẹn, ti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Ó ń bá wọn wá ìmọ̀ràn kiri. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ ẹ̀ á ní òkú ọ̀run ni.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé nǹkan òyìnbó ni ọ̀rọ̀ àṣírí yìí, pé agbo ilé la ti wá, níbi tí gbogbo ilé ti mọ ẹni tó jẹun àti ẹni tí kò jẹun. Mi ò gbà. Ẹ wo ẹni tó bá lọ dá Ifá. Kò ní sọ ohun tó gbé e wá fún babaláwo. Á mú owó, á gbé e sẹ́nu, á sọ tinú ẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, á wá fi owó náà lélẹ̀. Babaláwo á dá Ifá, á máa ki ẹsẹ̀ ẹ̀. Oníbéèrè fúnra ẹ̀ ló máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bá tòun mu. Àwọn baba wa ṣètò ẹ̀ kí ẹni tó ń dáhùn má gbọ́ ìbéèrè. Google gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ aago tí wọ́n bi í, ó mọ àdúgbò tí oníbéèrè wà, ó sì so ó mọ́ ohun tí onítọ̀hún béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. (Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dá Ifá o. Pásítọ̀ mi lè ka èyí.)

Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe wọ́n. Owó ni. Nínú dọ́là mẹ́rin tó wọlé fún Alphabet, ilé iṣẹ́ tó ni Google, lọ́dún 2023, ó lé ní mẹ́ta tó ti ìdí ìpolówó wá. Ẹni tó ń ta ọjà fẹ́ mọ ẹni tó ń wá ọjà, kò sì sí ibi tí èèyàn ti ń sọ ohun tó ń wá tó ibi ìwákiri. Mi ò bínú sí òwò. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń jókòó síbi òwò mọ̀ pé òwò ni.

Àwọn ọmọ iléèwé á ní, "Mummy, Incognito la máa ń lò," ìyẹn ọ̀nà ìwákiri tí kì í tọ́jú ìtàn sórí fóònù. Incognito ò fi yín pamọ́ fún Google tàbí fún ìkànnì tẹ́ ẹ wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi yín pamọ́ fún ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lo fóònù nìkan ni kò ní rí i. Àwọn aráàlú Amẹ́ríkà pe Google lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2020, pé ó ń kó dátà wọn nígbà tí wọ́n rò pé àwọn wà níkọ̀kọ̀. Nígbà tó di 2024, Google gbà láti pa àkọsílẹ̀ tó tó ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ́. Kí wọ́n tó lè pa á rẹ́, ó ní láti jẹ́ pé ó wà níbẹ̀.

Àwọn tó mọ Agbowó nígbà tí kaféè pọ̀ síbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, lọ́ọ̀kán géètì Yunifásítì Ìbàdàn, á rántí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jókòó, ẹ tẹ lẹ́tà kan péré, kọ̀ǹpútà á tú gbogbo ohun tí àwọn tó kúrò lórí àga yẹn ti tẹ̀ jáde fún yín: bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé oyún ti dúró, físà Kánádà, èsì JAMB, oògùn nǹkan ọkùnrin. Ẹlòmíràn á ti lọ tán, lẹ́tà orí íméèlì ẹ̀ á ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ojú máa ń ti èèyàn, èèyàn á kọ́gbọ́n, á pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ kó tó dìde. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa báyìí kì í ṣí ti ẹnì kan hàn wá, a wá rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún àwọn tí mò ń kọ́ ní ìwákiri ni pé kí wọ́n tẹ nọ́ńbà fóònù ara wọn sáàárín àmì àyọlò, kí wọ́n wá a. Àmì àyọlò ló ń sọ fún Google pé bó ṣe wà gẹ́lẹ́ yìí ni mo fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi filetype:pdf, tó ń sọ fún Google pé ìwé PDF nìkan ni kó wá, sẹ́yìn orúkọ wọn. Inú gbọ̀ngàn máa ń dákẹ́. Ọmọkùnrin kan bá orúkọ ẹ̀ nínú ìwé àwọn tó gba owó ìrànwọ́ níbì kan, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì. Akọ̀wé kan ló fẹ́ fi hàn pé òun ò jalè, ló bá lẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ orí ìkànnì. Kò sí ọ̀daràn kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ṣe rí náà nìyẹn. Ẹni tó máa tú yín síta kì í sábà jẹ́ ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí n mú ìwé ètò ìsìnkú. Mo fẹ́ràn àwọn ìwé yẹn, mo máa ń tọrọ wọn lóde òkú, mo sì ń tọ́jú wọn, nítorí ìtàn ọ̀pọ̀ ìdílé Ìbàdàn ò sí níbòmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n bí màmá wà níbẹ̀, àdúgbò, oríkì, iléèwé tí wọ́n lọ, orúkọ bàbá tó bí wọn, ìyẹn ìdílé tí wọ́n ti wá kí wọ́n tó wọ ilé ọkọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ: èyí tó wà ní Houston, ọkọ ẹ̀, èyí tó wà ní Manchester, ìyàwó ẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ, pẹ̀lú fọ́tò. Nígbà kan, àwọn tó wá jẹ ìrẹsì nìkan ló máa ń rí i gbà, àwọn míì á tiẹ̀ fi fẹ́ra wọn. Lónìí, kí wọ́n tó ṣe àìsùn ni PDF ẹ̀ ti dé WhatsApp ẹgbẹ́ mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n kan á ti gbé e sí Facebook fún àwọn tí kò lè wá. Ẹ wá pe báǹkì kan lórí fóònù, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa bi yín kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni: ọjọ́ ìbí, orúkọ ìdílé ìyá. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. A ti ń kà wọ́n báyìí, a sì ń kọ ìlú tí wọ́n wà sí i.

WhatsApp ní ọ̀rọ̀ wa ò hàn sí òun, òótọ́ sì ni. Láti 2016 ni ó ti ń ti àtẹ̀jíṣẹ́ pa láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n ìka ẹ̀gbọ́n yín ò sí nínú ètò náà.

Obìnrin kan wà tí mo ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní ọjà Bódìjà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi: fọ́tò ẹ̀, wọ́n fi ìlà pupa yí ojú ẹ̀ ká, wọ́n ní gbájúẹ̀ ni, kí n bá wọn kìlọ̀ fún un kó wá san gbèsè ẹ̀. Áàpù tí wọ́n fi ń yáni lówó ló yá a, ó jẹ wọ́n lówó, wọ́n sì kó gbogbo nọ́ńbà orí fóònù ẹ̀. Nígbà tí mo dé ìsọ̀ ẹ̀, kò lè wo ojú mi. Ó ń wọn èlùbọ́, ó ń wọn ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní, "Ẹ má bínú mà, wọ́n dà yín láàmú." Èmi ni ó ń bẹ̀. Láti 31 oṣù karùn-ún 2023 ni Google ti ní kí áàpù ẹ̀yáwó tó wà lórí Play Store má ṣe wo nọ́ńbà àti fọ́tò orí fóònù mọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: èmi ò yá kọ́bọ̀, mi ò tẹ "mo gbà" síbì kankan, orúkọ mi wà lọ́wọ́ wọn nítorí pé mo fẹ́ràn àmàlà.

A ní òfin, kò sẹ́ni tó máa ní a ò ní. Abala 37 nínú ìwé òfin 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé ẹ̀, lẹ́tà ẹ̀, ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù ẹ̀, títí kan tẹlígíráàmù. Wọ́n buwọ́ lu òfin ìdáàbòbò dátà ní 12 oṣù kẹfà 2023, àjọ tó ń bójú tó o sì wà. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ kan mọ̀ nípa yín, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Ní oṣù keje 2024, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí. Inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo lọ kí ẹnì kan ní ẹ́sítéètì, ọmọ géètì na ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan sí mi, bírò tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ẹni tẹ́ ẹ wá rí, ohun tẹ́ ẹ wá ṣe. Gbogbo ẹni tó wọlé ṣáájú mi wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n tán kí n tó kọ tèmi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ṣòro fún mi ni pé iṣẹ́ kí nǹkan má sọnù ni wọ́n gbà mí fún. Kenneth Dike, ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe láíbúrárì Yunifásítì Ìbàdàn, lọ káàkiri àwọn ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn ní nǹkan bí 1951, ó rí bí ìwé ṣe ń jẹrà, ó ja ìjà títí wọ́n fi dá ibi ìkówèépamọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1954. Ilé ńlá ẹ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì títí dòní. Èèyàn wo ló máa tẹ̀ lé ipasẹ̀ Dike tó máa wá ní ká pa nǹkan rẹ́?

Ìdájọ́ kan ló là mí lóye díẹ̀. Ọkùnrin ará Sípéènì kan ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti lè wá a. Lọ́dún 1998, ìwé ìròyìn kan gbé e jáde pé wọ́n fẹ́ ta ilé ẹ̀ ní gbàǹjo nítorí gbèsè. Ó san gbèsè, ọdún gorí ọdún, ẹni tó bá tẹ orúkọ ẹ̀ sínú Google, gbàǹjo yẹn ló máa kọ́kọ́ bá. Ní 13 oṣù karùn-ún 2014, ilé ẹjọ́ gíga Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí Google gé ọ̀nà tó ti orúkọ ẹ̀ lọ síbẹ̀. Wọn ò ní kí ìwé ìròyìn pa ojú ewé rẹ́. Ìwé wà, ìtàn wà. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ níbẹ̀ lè lọ kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sí ibi ìkówèépamọ́ rí mọ bó ṣe rí: ẹ kọ fọ́ọ̀mù, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń wá, ẹ jókòó de fáìlì, ẹnì kan á gbé e wá, eruku á bò yín. Tẹ́lẹ̀, ìnira yẹn máa ń bí mi nínú. Mo ti wá rí i pé ààbò wà nínú ẹ̀ fún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú fáìlì. Ọkùnrin alágbàdá ọjọ́sí yẹn, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní láti la ẹnu béèrè, kí n wo ojú ẹ̀. Lórí fóònù, kò ní wo ojú ẹnì kan.

Láti oṣù kọkànlá 2022 tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ bí èèyàn, ti dé, àwọn ọmọ yìí ò tiẹ̀ wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́. Gbogbo ìtàn ayé wọn ni wọ́n ń rò fún un. Lọ́dún 2025, àwọn kan tẹ bọ́tìnnì pé kí ẹlòmíràn lè rí ọ̀rọ̀ wọn, wọn ò fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí Google, kí OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ni ChatGPT, tó yọ bọ́tìnnì náà kúrò. Mo sọ èyí fún ọmọbìnrin kan tó wá lo kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa, tí mo rí i pé ó ń kó ọ̀rọ̀ òun àti àfẹ́sọ́nà ẹ̀ sínú ẹ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mummy, ta wá ni kí n bi? Ẹ̀yin máa ń ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Mummy mi gan-an, bí mo bá bi wọ́n, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló máa gbọ́ lọ́jọ́ Sunday."

Mi ò lè ní irọ́ ló pa. Mo sún àga mọ́ ọn. Mo ní kó yọ orúkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀ kúrò, kó yọ iléèwé, kó yọ àdúgbò, kó béèrè bí ẹni ń béèrè fún ẹlòmíràn. A ṣí àkáǹtì Google ẹ̀, a dé ibi tí ìtàn ìwákiri wà. Wọ́n ti ṣètò ẹ̀ fún un pé kó máa pa ara ẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn oṣù 18. Mo fi ibi tó ti lè sọ ọ́ di mẹ́ta hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá wo ohun tó wà lókè níbẹ̀, èyí tó wá ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi ọwọ́ bo ojú fóònù, ó ní kí n má wò ó. Mo ti wojú fèrèsé tipẹ́.